Àwo Tó Yẹ Kó Ṣófo

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Houston

Ní aago márùn-ún ìdájí òní, kí n tó bọ́jú, inú gáréèjì ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí ó ti pé ọjọ́ méjì tí mo ti to àwo mẹ́rin tí mo da ágà sí, ohun dídì bíi jẹ́lì tí bakitéríà ń hù lójú rẹ̀, sínú kúlà àtijọ́ kan tí mo sọ di àpótí amóoru. Méjì àkọ́kọ́, tí mo tẹ́ bakitéríà tí mo gbìyànjú láti yí jíìnì wọn padà sí, ṣe bí mo ṣe fẹ́: àmì funfun tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ hù kéékèèké sójú wọn. Ẹ̀kẹta, tí n kò fi oògùn kankan sí, ki bí omi ògì. Inú mi ń dùn bọ̀ títí mo fi ṣí ẹ̀kẹrin. Àwo yìí ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Bakitéríà tí n kò yí ohunkóhun padà nínú wọn ni mo tẹ́ sí i, ó sì yẹ kí streptomycin, oògùn apabakitéríà tó wà nínú ágà náà, ti pa gbogbo wọn. Mo ka àmì mẹ́tàdínlógún lójú rẹ̀.

Ohun tó wà nínú páálí tí mo fi owó ara mi rà kò pọ̀: E. coli irú èyí tí kì í ṣe ènìyàn ní jàǹbá, Cas9 tó ń gé DNA bí àlùmọ́gàjí, RNA tó ń júwe ibi tí yóò gé fún un, àti ègé DNA tí bakitéríà náà yóò wò tún ojú ibi tí wọ́n gé ṣe. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni à ń wá láti yí padà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní rpsL, tí ó bá sì yí, streptomycin kò ní lè pa bakitéríà náà mọ́. Ọgbọ́n gígé jíìnì yìí, CRISPR, tí Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier gbé jáde ní 2012, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020, ni èmi tí mo ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, tí mo ti pa báyọ́lọ́jì tì láti ìgbà tí mo ti ṣe WAEC, wá ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí bá ti hù, n kò lè sọ èyí tó yí padà lóòótọ́ lójú àwo yòókù, n kò sì lè sọ èyí tó kàn yè é. Bóyá iná maikirowéfù tí mo fi yọ́ ágà ló pọ̀ jù, tó ba streptomycin inú rẹ̀ jẹ́. Bóyá ọwọ́ mi ni kò mọ́.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. AS ni èmi, SS ni òun. Lẹ́tà kan ṣoṣo náà ni gbogbo rẹ̀, A tó di T nínú jíìnì tó ń ṣe hìmóglóbìn. Ẹyọ kan kàn mí, méjèèjì kàn án. Nígbà tí a wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń fi òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra orúnkún rẹ̀ lóru, nígbà tí àwọn ará ilé bá ń sọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀ladìde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ tí màmá wa kì í fẹ́ gbọ́ sétí.

Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tí wọ́n fi CRISPR ṣe fún àwọn SS, ní oṣù Kọkànlá 2023, tí Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá, n kò sùn mọ́jú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìtọ́jú náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kan lẹ́tà tó bàjẹ́. Apá kan lára BCL11A ni wọ́n lọ gé, ìyẹn jíìnì tó ń pa iná hìmóglóbìn tí ọmọ ń lò nínú oyún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bí i. Bí agbára jíìnì yìí bá dínkù, hìmóglóbìn ti inú oyún yóò tún tàn padà, kò sì ní jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ máa tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé. Hydroxyurea tí àbúrò mi ń mu lójoojúmọ́ ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn náà. Nínú aláìsàn 31 tí wọ́n fún ní Casgevy, tí wọ́n sì tọ́pa wọn pẹ́ tó, 29 ni ìrora ńlá kò dá wó fún odidi ọdún kan, ó kéré tán.

Ibi tó nira wà lẹ́yìn gígé. Wọ́n á fa sẹ́ẹ̀lì jáde lára aláìsàn, wọ́n á gbé e lọ gé níbòmíràn, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà kó tó padà. Kí wọ́n tó dá a padà sára, wọ́n á fi busulfan pa mùdùnmúdùn inú eegun rẹ̀, kí èyí tí wọ́n gé lè rí àyè gbilẹ̀. Oògùn yìí sì lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ obìnrin. Iṣẹ́ busulfan àti iṣẹ́ streptomycin lójú àwo mi, ọmọ ìyá ni wọ́n. Gígé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro mọ́. Mímú èyí tí a kò gé kúrò lọ́nà ló ń pani lára.

Èyí ló mú mi rántí Josiah Zayner, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà tó gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ CRISPR lápá níwájú èrò ní San Francisco ní oṣù Kẹwàá 2017, kí iṣan rẹ̀ lè tóbi. Mo jẹ́wọ́ pé ìgboyà rẹ̀ wù mí nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kábàámọ̀. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ǹ bá bi í: àwo ẹlẹ́rìí rẹ̀ dà? Kí ló wà nínú apá yẹn tí yóò ya sẹ́ẹ̀lì tó yí padà sọ́tọ̀ kúrò lára àìmọye tí kò yí?

Mo pe àbúrò mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún un pé mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n ń ta Casgevy níbí, ó ní kí n kúkú fi ra ilé fún òun ní Bódìjà. Òní kò ṣàwàdà.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, tí wọ́n bá pa mùdùnmúdùn mi tán, tí èyí tí wọ́n gé kò bá wá hù ńkọ́?”

Mo ní wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sẹ́ẹ̀lì tí wọn kò gé pamọ́ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yin náà fi tiyín pamọ́ ṣá?”

Mo da omi jíìkì sójú àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo pa ìdérí wọn dé di ọ̀sán. Igò bakitéríà tí n kò tíì ṣí ṣì wà nínú fíríìjì kékeré. Mo ti yọ́ ágà mìíràn, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń tan iná sí i lọ́tẹ̀ yìí, àwo ẹlẹ́rìí méjì ni mo sì kọ ọjọ́ òní sí nídìí.