Ayẹyẹ kì í ṣe ìròyìn: bí ẹ ṣe lè to ìkànnì ẹgbẹ́ lórí WordPress

Lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá l'Abuja, abẹ́ "Posts" (àyè ìròyìn nínú WordPress, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì) ni wọ́n ń da gbogbo nǹkan sí: ìsọmọlórúkọ ní Kubwa, ìpàdé ní Lugbe, ìròyìn ilé. Ẹni tó ń wá ayẹyẹ ọjọ́ Sátidé á wá a tì.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan gbé dání. Ayẹyẹ ní ọjọ́, aago àti gbọ̀ngán. Ìròyìn kò ní wọn. Ó yẹ kí ayẹyẹ ní post type (irú àkóónú) tirẹ̀. Àmọ́ ohun kan náà ni ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ gbé dání, nítorí náà ẹ̀ka lásán ni wọ́n lábẹ́ ayẹyẹ. Ẹni tó bá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di post type, iṣẹ́ kan náà ni yóò máa ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Fún àdúgbò, ẹ lo taxonomy (ètò ìpín sí ẹ̀ka) tí "hierarchical" rẹ̀ jẹ́ true, kí ẹ̀ka lè bí ẹ̀ka. Area Council mẹ́fẹ̀ẹ̀fà FCT ni kó wà lókè. Kubwa á bọ́ sábẹ́ Bwari, Lugbe àti Gwarinpa sábẹ́ AMAC (Abuja Municipal Area Council). Ọjọ́ kì í ṣe ẹ̀ka rárá o. Inú custom field (àyè tí ẹ fi kún un fún ìsọfúnni kan) ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ọdún ni kó ṣáájú, bíi 20260314, kó lè tò tẹ̀lé ara wọn.

Orúkọ tí ẹ máa kọ sínú register_post_type (àṣẹ kóòdù tó ń dá post type sílẹ̀) ló gba sùúrù jù. Kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 20 lọ (32 ni ti taxonomy), kò sì gbọdọ̀ ní àmì: WordPress á gé lẹ́tà tó ní àmì kúrò, "ayẹyẹ" á di "ayy". Ẹ kọ "ayeye". Inú labels ni òǹkàwé ti ń rí orúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbogbo àmì èdè wa sí i níbẹ̀. Tí ẹ bá yí orúkọ inú kóòdù padà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti wọlé, àwọn ayẹyẹ àtijọ́ á pòórá lójú yín, bẹ́ẹ̀ inú database ni wọ́n wà, lábẹ́ orúkọ àkọ́kọ́. Bákan náà ló máa rí tí kóòdù bá wà nínú functions.php, fáìlì kan nínú theme (aṣọ ìkànnì), tí ẹ sì pààrọ̀ theme. Ẹ fi í sínú plugin (àfikún kóòdù tó dá dúró) kékeré kan, lórí init, ìyẹn ìgbà tí WordPress bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Tí block editor (ojú ibi tí ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀) kò bá yọjú, tàbí tí ẹ kò rí àdúgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, show_in_rest, ètò inú kóòdù tó ń jẹ́ kí block editor rí wọn, ni ẹ gbàgbé. Àtayẹyẹ àtàdúgbò ló nílò rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ 404 (àṣìṣe "a kò rí ojú ìwé") ni ayẹyẹ tuntun ń gbé wá, ẹ lọ sí Settings, Permalinks, kí ẹ tẹ Save Changes láìyí ohunkóhun padà.