Ta ló gbà yín síṣẹ́ lórí ìwé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ gba iṣẹ́ agency, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń gbà yín kó tó rán yín lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, n'Ílú Ọba, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ta ló wà nínú ìwé iṣẹ́ yín.

Contract staff ni mí ní báńkì kan l'Ékòó kí n tó rìnrìn àjò. Káńtà kan náà lèmi àtàwọn òṣìṣẹ́ báńkì gan-an jọ ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan tí n kì í rí ló ń sanwó mi, owó tiwọn sì ju tèmi lọ fíìfíì.

Ní Manchester, agency náà ni, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, zero hours. Kò sẹ́ni tó jẹ mí ní shift. Ọ̀sẹ̀ kan á kún, èyí tó tẹ̀ lé e fóònù ò ní dún, rẹ́ǹtì ò sì mọ̀yẹn. Síbẹ̀ mo lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìsinmi bí mo ṣe ṣiṣẹ́ sí. Láti 2011, òṣìṣẹ́ agency tó bá lo ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́nu iṣẹ́ kan náà níbì kan náà, owó rẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré sí tẹni tí wọ́n gbà tààrà. Ẹ máa kọ ọ̀sẹ̀ yín sílẹ̀ fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, tí kì í ṣe àìsàn tàbí irú ìdí bẹ́ẹ̀, ẹ ó tún un kà láti oókan.

Ẹ ṣọ́ra fún umbrella o, ilé iṣẹ́ alágbàtà tí agency ń gba ọwọ́ rẹ̀ sanwó yín. Iye tí wọ́n pè lórí fóònù lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń san fún umbrella. Owó tó yẹ kí agbanisíṣẹ́ san fún ìjọba, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kí wọ́n tó kan owó orí tiyín. Láti oṣù kẹrin 2020, ó di dandan kí agency fún yín níwèé tó fi iye tó máa dọ́wọ́ yín hàn kẹ́ ẹ tó gbà. Ẹ bèèrè rẹ̀.

Àbúrò mi ní Houston, l'Amẹ́ríkà, ò rí irú ìyẹn. Fọ́ọ̀mù 1099, ti àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnì kankan, ni tiẹ̀, ọ̀gá ara ẹ̀ ni lójú òfin: òun nìkan ló ń san 15.3% fún Social Security àti Medicare, owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera ti ìjọba, tí ọ̀gá ì bá bá a san ìdajì. Owó ìsinmi? Kò sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, òfin owó ìfẹ̀yìntì 2014 mú ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè: 10% látọ̀dọ̀ wọn, 8% látọ̀dọ̀ yín. Pé wọ́n yọ ọ́ nínú payslip ò tó. Ẹ wò ó lọ́dọ̀ PFA yín, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, bóyá ó wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì n'Ílú Ọba tí fisa rẹ̀ fún un ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́, agency méjì ò sọ ọ́ di 40.