Dídi abẹ ìfárùngbọ̀n mú nígbà tí a bá ń bó ìpáàrà rẹ̀

Nígbà tí a bá ń fá irùngbọ̀n, ọkàn wa kì í kúrò lára ojú abẹ. Tó bá di pé a fẹ́ bó ìpáàrà rẹ̀, ìpáàrà là ń wò, ìka la fi ń tẹ irin, òróró sì ti mú gbogbo rẹ̀ máa yọ̀. Ibẹ̀ léwu wà. Abẹ gígùn olójú kan, tó ń ká wọ inú èèkù, ni mo ń sọ. Ohun méjì ni mo fẹ́ tẹnu mọ́: kí abẹ má rìn, kí ọwọ́ tó ń fa sáńpépà má sì fà á padà gba iwájú ojú rẹ̀.

Ṣé ìpáàrà ti dé ojú abẹ? Bó bá ti dé bẹ̀, dandan ni kí ẹ tún un pọ́n látìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sídìí tí ẹ ó fi máa bá ojú mímú jà. Ẹ da ife gíláàsì tó nípọn dojú dé, ẹ gbé ojú abẹ lé ìdí rẹ̀ lóòró, kí ẹ rọra fà á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì bí ẹni ń gé nǹkan. Ojú rẹ̀ á kú. Ó ń dunni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òkúta tí a fi ń pọ́n abẹ á jí i padà. Abẹ tójú rẹ̀ kú ṣì lè la awọ bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, àmọ́ kò ní gé ìka tó kàn fara kàn án.

Bí ìpáàrà bá mọ sí ẹ̀yìn àti àárín, ẹ má pa ojú rẹ̀. Ẹ gé téèpù onípépà tó gùn tó irin, ẹ ṣẹ́ ẹ po bo ojú abẹ, kó wọ mìlímítà 3 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sí ojú abẹ, kí ẹ wá fà á jáde síwájú. Ẹ má fi ìka tọ̀ ọ́ lóòró rárá.

Ìṣó tó so irin mọ́ èèkù máa ń tú díẹ̀ lára abẹ tó ti pẹ́, irin á sì lè pa dé mọ́ni níka. Ẹ ṣí i títí irin àti èèkù á fi tò gbọọrọ, kí ẹ fi téèpù wé oríkèé náà, ọrùn (ibi tóóró tó wà láàárín irin tó ń gé nǹkan àti ìṣó) àti ìrù irin (ṣóńṣó tó yọ lẹ́yìn ìṣó) pọ̀ mọ́ èèkù, ní ìlọ́po méjì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọwọ́ kan gbé abẹ, ọwọ́ kejì ń nù ún nínú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ń rìn, kò sí èyí tó mọ ibi tí èkejì ń lọ. Ẹ jẹ́ kí abẹ sùn. Ẹ wá pátákó tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ rẹ̀ kó má yọ̀. Ẹ gbé irin lé e, kí ọrùn àti èèkù wà níta etí pátákó, torí ọrùn nípọn, kò ní jẹ́ kí irin sùn dáadáa. Ẹ̀yìn abẹ ni kó kọjú sí yín. Àárín irin jin bí àwo, nítorí náà ẹ̀yìn àti ojú ló máa kan igi, kò ní sí àyè tí ìka á gbà bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tí ẹ kì í fi ṣiṣẹ́ jù di ọrùn mú: àtàǹpàkò lókè, ìfábẹ̀lá nísàlẹ̀, ìyókù yí èèkù ká. Ìka kankan ò gbọdọ̀ kọjá èjìká irin, ìyẹn ibi tí ọrùn ti pàdé irin tó ń gé nǹkan.

Ẹ má fi ìka di sáńpépà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí kọ́ọ̀kì ìgò, kí ọwọ́ yín lè ga sẹ̀ǹtímítà 3 sí irin. Láti ẹ̀yìn abẹ ni kí ẹ ti máa fà á lọ sí ojú, kó bọ́ sórí igi (tàbí kó dúró sí etí téèpù), kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ dá a padà. Ẹni tó bá ń fà á lọ fà á bọ̀, nígbà ìpadàbọ̀ ni ojú abẹ á wọ inú pépà, pépà á ya, ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ á sì bọ́ lé irin.

Sáńpépà 600 (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ló ṣe kúnná tó) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ díẹ̀, lẹ́yìn náà 1000, lẹ́yìn náà 2000. Ìpáàrà pupa ló yẹ kó lọ. Dúdú tó kù nínú àwọn ihò kéékèèké, ẹ fi í sílẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ihò náà tán, irin ló máa gbẹ́ tán. Bí ẹ ṣe ń sún mọ́ ojú abẹ, ẹ dín agbára kù, torí irin ibẹ̀ tín-ín-rín débi pé ó ń tẹ̀, ó sì lè sán.

Ẹ̀rọ ìdánrin tó ń yí bìrìbìrì ni mo kórìíra jù fún iṣẹ́ yìí. Ó lè gba abẹ mọ́ni lọ́wọ́, kó sọ ọ́ síni lára. Ooru rẹ̀ náà ń pa irin: bí irin bá di búlúù, ó ti gbóná tó bíi 300 °C, kò ní lè mú bó ṣe yẹ mọ́.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tín-ín-rín kò lè dá abẹ dúró. Èyí tí wọ́n hun kí ọ̀bẹ má bàa gé e, tó sì fún mọ́ ọwọ́, ni kí ẹ wọ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀. Bí abẹ bá já bọ́, ẹ má hán an, ẹ fẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Inú èèkù ló kù. Ẹ fi òwú wé igi ìtayín, ẹ rẹ ẹ́ sínú òróró, òun ni kó wọ ibẹ̀, kì í ṣe ìka. Lẹ́yìn náà ẹ tú téèpù, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu irin láti ẹ̀yìn lọ sí ojú, ẹ kán òróró sí ìdí ìṣó. Tí ẹ bá ń pa á dé, ẹ̀gbẹ́ èèkù ni kí ẹ dì mú, kí ìka má sí lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá àárín ni ojú abẹ ń bọ́ sí. Bó bá ń kan ẹ̀gbẹ́ kan, ìṣó yẹn ni kí ẹ tún ṣe kí ẹ tó pọ́n ọn.