Òdòdó Tàbí Fínígà

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra lọ́fínńdà tuntun. Wọ́n fín in sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Gbọ́ òórùn rẹ̀ wò, òdòdó pọ́ńbélé ni." Mo gbé ọwọ́ sí imú. Ó kan ni! Àfi bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìgò fínígà. Mo sọ bẹ́ẹ̀, inú sì bí wọn. Wọ́n ní mo kàn fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí àwọn fi owó ra ni. Èmi náà rò ó nínú ara mi pé àwọn gan-an ni kò mọ òórùn dídùn.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Òdòdó violet ni wọ́n yà sára páálí rẹ̀. Èròjà kan wà nínú òórùn òdòdó yẹn tó ń jẹ́ beta-ionone, jíìnì kan, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, tí wọ́n ń pè ní OR5A1, ló sì ń pinnu jù lọ bí imú ṣe máa gbà á. Ẹni tí tirẹ̀ pé, òdòdó ló máa gbọ́. Àmọ́ ẹni tó bá jogún èyí tó yàtọ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ó lè ní ó kan bíi fínígà, tàbí kó má gbọ́ nǹkan kan. Bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí wa, síbẹ̀ ohun tó kàn wá lè má dọ́gba.

Nǹkan bí 400 irú jíìnì òórùn bẹ́ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn. Èyí tó ti kú lára wa, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, pọ̀ jù wọ́n lọ. Ti eku lé ní 1,000. Inú eku náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Linda Buck àti Richard Axel, ti kọ́kọ́ rí wọn ní 1991, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó ń gbọ́ òórùn lókè ihò imú, jíìnì kan ṣoṣo ló ń lò. Òórùn kan á jí ọ̀pọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ á wá kó ìró wọn pọ̀. Abájọ tó fi jẹ́ pé gbígbọ́ là ń gbọ́ òórùn.

Mo pè wọ́n ní aago mẹ́wàá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Òótọ́ lẹ sọ, òdòdó lẹ gbọ́."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìwọ wá ńkọ́? Báwo ni fínígà tìrẹ yẹn ṣe rí?"

Mo tún gbé ọwọ́ sí imú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn.