Kúlíkúlí gbígbóná
Mo ń ti ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí ni òórùn ẹ̀pà gbà mí nímú. Mo ní kí oní-zémíjàn, ọlọ́kadà tó gbé mi, dúró. Ìyá kan jókòó ti agbada, ó ń da kúlíkúlí sínú òróró gbígbóná. Mo ra ti 200 fráǹkì. Kò tíì tutù tí mo ti ju ẹyọ kan sẹ́nu.

Káù! Ìró yẹn gan-an ni. Ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi ni ọkàn mi lọ tààrà. Tá a bá ti iléèwé dé, màmá á fi ọmọ ọlọ fọ́ kúlíkúlí sórí gàrì Savalou, gàrì tó kúná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yẹn, wọ́n á wá bu omi inú àmù sí i. Títí dòní, mi ò tíì mu omi fìríìjì kankan tó tutù lọ́fun mi bíi ti àmù yẹn. Èmi àti àbúrò mi á máa sáré mu ún kí gàrì tó wú.

Mo délé, mo po tèmi. Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ tọ́ ọ wò, ni abọ́ bá gbẹ!

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, kí lẹ máa ń jẹ tó ń mú yín rántí ìgbà èwe yín báyìí?