Ìjókòó Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wá Kẹ́ Ẹ Tó Gbé Pọ́ìǹtì

Ẹni tó ń dá rìn kì í pẹ́ rí ibi tí yóò ná pọ́ìǹtì káàdì rẹ̀ sí, ìyẹn ẹ̀bùn tí báńkì ń fúnni lórí owó tí a bá fi káàdì kírẹ́díìtì ná, torí ìjókòó ẹyọ kan kì í wọ́n. Tó bá di bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yí padà. Pọ́ìǹtì lè kún àkáǹtì wọn bámúbámú, síbẹ̀ kí ìjókòó márùn-ún má sí nínú bàálù kan náà ní iye tó ṣeé gbọ́ sétí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa káàdì kírẹ́díìtì àti ìrìnàjò ìdílé ní Amẹ́ríkà kò ju ìyẹn lọ: kí pọ́ìǹtì wà ní báńkì títí ẹ ó fi fojú rí ìjókòó gbogbo ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ èlé kúrò lọ́nà. Káàdì tó ń fúnni ní pọ́ìǹtì sábà máa ń gba èlé tó ju 20% lọ lọ́dún. Ẹni tó bá gbé gbèsè $3,000 sórí káàdì tó ń gba 22% yóò máa san nǹkan bí $55 lóṣù fún èlé nìkan. Bó bá jẹ́ pọ́ìǹtì kan fún dọ́là kan ni, 3,000 péré ló rí gbà lórí owó náà, ìyẹn kò sì ju $30 sí $45 lọ. Kí oṣù kan tó yí po, èlé ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ lọ sórí ìkànnì báńkì, kẹ́ ẹ yàn án pé kí wọ́n máa yọ gbogbo gbèsè oṣù náà láti inú àkáǹtì yín fúnra wọn, ẹ má ṣe yan iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí ìyẹn ò bá tíì rọrùn fún, kó san gbèsè rẹ̀ tán ná. Mi ò ní gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn láti gba káàdì tuntun nítorí ìrìnàjò kankan.

Oríṣi pọ́ìǹtì méjì ló wà. Àwọn kan jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tàbí òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, bíi máìlì Delta (máìlì ni wọ́n ń pe pọ́ìǹtì níbẹ̀). Àwọn yòókù jẹ́ ti báńkì: Ultimate Rewards ti Chase, Membership Rewards ti American Express, ThankYou ti Citi àti máìlì Capital One. Ti báńkì ni mo fara mọ́ fún ìdílé, torí ó ṣeé darí sí ibi púpọ̀. Ti Chase lè di máìlì United, Southwest, JetBlue, Air Canada Aeroplan tàbí Flying Blue ti Air France àti KLM, ó sì lè di pọ́ìǹtì òtẹ́ẹ̀lì Hyatt. Ti American Express lè lọ sí Delta, Aeroplan, Flying Blue àti Hilton. Pọ́ìǹtì inú Chase Freedom kò lè lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ o. Ẹ ní láti kọ́kọ́ kó o sórí káàdì bíi Sapphire Preferred, tí owó ọdọọdún rẹ̀ jẹ́ $95, kó tó lè rìn.

Pọ́ìǹtì tó bá ti kúrò ní báńkì kì í padà. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìjókòó bá tán lẹ́yìn tí ẹ ti gbé 150,000 lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan, ibẹ̀ ni 150,000 yẹn yóò jókòó sí. Àwọn kan máa ń dé lójú ẹsẹ̀, àwọn kan máa ń gba ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, ẹ ti ṣí àkáǹtì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti báńkì mu délẹ̀délẹ̀. Báńkì lè dá pọ́ìǹtì dúró nítorí pé orúkọ méjèèjì ò bára mu, kí ẹlòmíràn sì ti ra ìjókòó náà kẹ́ ẹ tó tún un ṣe.

Ibi tí pọ́ìǹtì ìdílé ti ń ṣòfò jù ni ibi ìwákiri. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ a máa pín ìjókòó sí ìsọ̀rí, iye tí wọ́n dá lé ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ká ní ìjókòó mẹ́ta ló kù nínú ìsọ̀rí 30,000, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ 55,000. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ènìyàn 5 ni yín, ìkànnì náà yóò wá ìsọ̀rí kan tó gba ẹ̀yin márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Ti 30,000 kò gbà yín, ó di 55,000 fún olúkúlùkù, ìyẹn 275,000. Lórí ìkànnì mìíràn, kò tiẹ̀ ní fi ohunkóhun hàn yín. Àmọ́ tí ẹ bá ra mẹ́ta ní 30,000, tí ẹ sì ra méjì tó kù ní 55,000, gbogbo rẹ̀ di 200,000. Pọ́ìǹtì 75,000 lẹ dá dúró yẹn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni, bàálù kan náà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ènìyàn 1, ẹ bọ́ sórí 2, ẹ bọ́ sórí 3. Níbi tí iye náà bá ti fò sókè, ibẹ̀ ni ìjókòó pọ́ọ́kú ti tán.

Ẹ tún lè fi owó ra méjì tó kù, tàbí kẹ́ ẹ wá a gba ọ̀nà mìíràn. Bàálù United ṣeé fi máìlì Aeroplan wọ̀, torí pé United àti Air Canada jọ wà nínú Star Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń bára wọn ṣiṣẹ́, iye tí Aeroplan ń gbà sì lè yàtọ̀ sí ti United.

Bí ẹ bá pín ara yín sí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì méjì, kí àgbà kan wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ọmọdé má dá wà nínú ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé méjèèjì pé ẹ jọ ń lọ ni. Èyí kò sọ ìwé méjì di ọ̀kan. Bí wọ́n bá fagi lé bàálù yín, ẹ̀rọ wọn lè kó ìyá àti ọmọ méjì sínú ti àárọ̀, kó sì kó bàbá àti ọmọ kẹta sínú ti alẹ́. Ẹ má tẹ bọ́tìnì ìfọwọ́sí lórí fóònù kẹ́ ẹ tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ní ti àkókò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń ṣí ìjókòó sílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 11 ṣáájú. Ẹni tí ilé ìwé ọmọ so mọ́ ìgbà ọlidé kò lè máa dúró de ìjókòó ọjọ́ ìkẹyìn, torí náà ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. United àti American kì í gba owó bí ẹ bá fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi máìlì rà, wọ́n á dá máìlì padà sínú àkáǹtì. Ìyẹn ni mo ṣe gbà pé kẹ́ ẹ mú èyí tó wà nílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ èyí tó dín kù.

Àwọn ọmọdé ní òfin tiwọn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè jókòó sórí ẹsẹ̀ òbí, ọ̀fẹ́ sì ni láàárín Amẹ́ríkà. Tó bá di òkè òkun, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń gba nǹkan bí 10% owó tíkẹ́ẹ̀tì àgbà, owó gidi nìyẹn kódà bó bá jẹ́ pé máìlì ni òbí fi wọkọ̀. British Airways ń gba 10% iye Avios, ìyẹn pọ́ìǹtì tiwọn. Flying Blue ń dín 25% kù nínú máìlì ọmọ ọdún 2 sí 11. Bí ọmọ yóò bá pé ọdún 2 nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu ìrìnàjò, ó gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹ ra ìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ ra tiyín.

Tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ìǹtì kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá. Nínú Amẹ́ríkà, $5.60 ni ẹnì kan ń san fún lílọ nìkan. British Airways máa ń fi owó ńlá mìíràn kún un lórí ọkọ̀ tirẹ̀, nígbà tí United àti Aeroplan kì í gba owó epo lọ́wọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ yọ owó orí kúrò nínú iye tí tíkẹ́ẹ̀tì náà ń lọ lọ́jà, kẹ́ ẹ fi iye pọ́ìǹtì pín in. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ $620, tí owó orí jẹ́ $40, tí wọ́n sì ń bèèrè 40,000, sẹ́ńtì 1.45 ni pọ́ìǹtì kan. Bí kò bá tó sẹ́ńtì 1, èmi á fi owó sanwó, màá sì tọ́jú pọ́ìǹtì.

Bónọ́ọ̀sì káàdì tuntun ni pọ́ìǹtì ti ń wọlé jù. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ná $4,000 láàárín oṣù 3 kẹ́ ẹ tó rí i gbà. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí káàdì ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Owó ọdọọdún kì í kà, owó tí ẹ fi káàdì yọ ní ẹ̀rọ kì í kà. Kí tọkọtaya má gba káàdì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọ̀kan gbà á, kó parí ìnáwó rẹ̀, lẹ́yìn náà kó fi líǹkì pe ìkejì, torí pé báńkì máa ń fún ẹni tó pe èèyàn wá ní pọ́ìǹtì. Chase kì í sábà fún ẹni tó bá ti gba káàdì 5 láàárín oṣù 24, láti báńkì yòówù kó jẹ́, ní káàdì tuntun, káàdì ẹlòmíràn tí wọ́n fi orúkọ yín kún sì máa ń wọ inú kíkà náà. Nítorí ìyẹn, kí ìyàwó gba tirẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kí ọkọ má kàn fi orúkọ rẹ̀ kún tiẹ̀. American Express ní tirẹ̀ máa ń fún ẹnì kan ní bónọ́ọ̀sì lórí káàdì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, torí náà ẹ dúró de ìgbà tí bónọ́ọ̀sì bá ga.

Companion Pass ti Southwest dára gan-an fún tọkọtaya tó ní ọmọ kan. Ẹni tó bá kó pọ́ìǹtì 135,000 jọ láàárín January sí December yóò mú ẹnì kan dání lórí gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ̀, owó orí nìkan ni onítọ̀hún ń san, títí di òpin ọdún tó tẹ̀ lé e. Bónọ́ọ̀sì káàdì wọn máa ń kà. Ẹ jẹ́ kí bónọ́ọ̀sì náà wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kẹ́ ẹ lè lò ó tó ọdún méjì. Bó bá wọlé ní December, ó ti bọ́ sínú kíkà ọdún tó ń parí lọ.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, iye ènìyàn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ, torí yàrá kan lè má gbà ju ènìyàn 4 lọ. Marriott ń fúnni ní òru 5 ní iye òru 4 bó bá jẹ́ pọ́ìǹtì ni. Hyatt kì í gba owó ìgbafẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí òru tí ẹ fi pọ́ìǹtì san.

Nígbà tí owó ọdọọdún bá tún dé, kẹ́ ẹ tó ti káàdì pa, ẹ kó pọ́ìǹtì rẹ̀ sórí káàdì mìíràn ní báńkì náà, tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yí i sí èyí tí kì í gba owó ọdọọdún. Máìlì United àti Delta kì í kú. Ti American máa ń kú bí àkáǹtì bá dákẹ́ fún oṣù 24, àyàfi ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21, ìdí nìyẹn tó fi dára kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì máìlì tirẹ̀ láti kékeré.