Ológbò Mi Kúnlẹ̀ Kí Mi, Mo Bá Lọ Ra Tẹ́ẹ̀sì Oyún

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi, torí àbíkẹ́yìn mi ti ń sọ ọ́ káàkiri, ó sì ń fi ata àti iyọ̀ sí i.

Ẹ sáà mọ Máfọwọ́kànmí, ológbò mi. Ẹni tó bá ti wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi rí á mọ̀ ọ́n, àpá rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ọjà Olúwo pé kó wá bá mi lé eku tó ń jẹ léèsì kọ́sítọ́mà, kò fojú àánú wò mí rí. Ó ń pa eku o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bí mo bá pè é, á wò mí tìkà-tẹ̀gbin, á kọ ẹ̀yìn sí mi. Oúnjẹ tí mò ń fún un, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí mo bá ní kí n gbé e, èékánná ló máa fi dá mi lóhùn. Orúkọ tó ń jẹ́ yẹn, òun ló sọ ara rẹ̀.

Ìgbà tí à ń múra ọdún Káyókáyó lọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tójú télọ̀ ń rí lásìkò yẹn. Aṣọ ẹbí gbogbo Èkó-Ẹ̀pẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tí kì í ṣe ọ̀la ló fẹ́ tirẹ̀. Mo jókòó ti maṣíìnì, mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ni nǹkan kan bá rọra ra mí lẹ́sẹ̀. Mo wolẹ̀. Máfọwọ́kànmí ni. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ra mí lọ́rùn ẹsẹ̀, ó yí po, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì ra á. Ó ń kùn hùùn, hùùn. Ó wá nà gbalaja sórí àwọn ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, ó ń yí gbirigbiri. Mo dá maṣíìnì dúró. Mo rọra na ọwọ́ sí i, mo ti di ojú kan, mò ń retí èékánná. Kò ha mí. Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Ọmọbìnrin náà bá kúnlẹ̀.

Mo ní ó kúnlẹ̀! Àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ìgúnpá méjèèjì kanlẹ̀, ó tẹrí ba, ìdí nìkan ló kù lókè. Ó wá ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹlẹ̀ kítíkítí, ìrù rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tún fọwọ́ pa á, ó tún kúnlẹ̀. Omi lé ròrò sójú mi. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, mo kọ́ wọn nílé, mo rán wọn lọ sí ilé kéwú, kò sí ìkankan nínú wọn tó fi àyà kanlẹ̀ kí mi rí.

Mo pariwo pe àbíkẹ́yìn mi. Mo ní, “Ìwọ tó o máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó o máa ń tẹ fóònù lọ lórí ẹ̀, wá wo ẹranko! Wá wo bí wọ́n ṣe ń kí ìyá!”

Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Mọ́mì, kò jọ pé ìkíni lèyí o.”

Mo ní owú ló ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lórí gan-an. Kọ́sítọ́mà tó bá ti wọlé, kó tó béèrè aṣọ rẹ̀, màá pe Máfọwọ́kànmí, màá pa á lẹ́yìn, á kúnlẹ̀. Ó gbà mí lọ́wọ́ èébú púpọ̀, torí ó nira kéèyàn bú télọ̀ tí ẹranko ń kúnlẹ̀ kí. Alhaja kan tí bùbá rẹ̀ ò tíì lápá pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀kọ́ ilé ni.” Mo ní, “Ẹ̀kọ́ ilé ni, Alhaja.” Àgbà obìnrin méjì, a dúró lórí ìdí ológbò, à ń yin ìwà. Nígbà tó yá mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ìwà tèmi gan-an ló ti dára dé ibi tí ẹranko fi ń rí i, tí ojú èèyàn ò sì tó o. Mo lọ sí Olúwo, mo ra òbòkún tí owó rẹ̀ tó owó bùbá kan. Máfọwọ́kànmí jẹ orí, ó jẹ àárín. Bàbá àwọn ọmọ wo ìrù tó bá lórí ẹ̀bà, ó wo ológbò, ó ní, “Ṣé kí èmi náà máa kúnlẹ̀ ni?”

Ìyá elékuru tó wà níwájú ilé ní tirẹ̀ ní àjẹ́ ni. Ẹ fi í sílẹ̀, ohun gbogbo ni àjẹ́ lójú ìyá yẹn, títí kan NEPA.

Ẹni tó bà mí jẹ́ ni àbúrò mi tó wà n'Íbàdàn. Mo pè é láti fi ìkúnlẹ̀ yẹn ṣe fáàrí, ló bá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò ṣe yín ní nǹkan? Wọ́n ní bí obìnrin bá lóyún, ológbò inú ilé ló máa kọ́kọ́ mọ̀ o. Á kàn máa lẹ̀ mọ́ ọn.”

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Nǹkan oṣù ti dágbére fún mi, ó ti kó ẹrù rẹ̀ tán pátápátá. Àmọ́ mo rántí pé mo bì lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tó lè rán mi létí pé ẹ̀wà àná ni mo jẹ. Ẹni tí mo rántí ni Sárà ìyàwó Ànábì Ibrahim, tó bímọ lọ́jọ́ ogbó. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn. Mo dákẹ́. Mo tiẹ̀ ti ń wo aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Mo da ìborùn bojú, mo fi ìtòsí sílẹ̀, mo lọ sí kẹ́mísì tó wà lọ́nà jíjìn kí ojúlùmọ̀ má baà rí mi. Ojúlùmọ̀ ló wà lórí káńtà. Èmi ni mo rán yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi í léèrè tẹ́ẹ̀sì oyún. Ó wò mí, ó fi ìbẹ̀rù béèrè pé, “Mọ́mì, ta ló fẹ́ lò ó?” Ojú tì mí, mo ní, “Kì í ṣe èmi.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àgbàlagbà. Mo sọ pé kì í ṣe èmi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì kù nílé mi. Kí n tó gun ọ̀kadà délé, àdúgbò ti fún àbíkẹ́yìn mi lóyún, wọ́n ti ń wá ẹni tó ni ín. Èmi ò tíì mọ̀, mo wà nílé ìwẹ̀, mò ń wo ìlà kan ṣoṣo tó jáde, mò ń yí i síbi tí iná wà bóyá ìkejì sá pamọ́ ni. Mo gbàgbé rẹ̀ sórí ìgò ọṣẹ. Bàbá àwọn ọmọ wọ ibẹ̀ lọ wẹ̀.

Ó jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Ó gbé e dání. Ó ní, “Ta ni?”

Àbíkẹ́yìn mi ní, “Dádì, ẹ̀yin náà ti gbọ́?” Ó bú sẹ́kún. Ó kù díẹ̀ kí bàbá rẹ̀ ṣubú, ni mo bá ní, “Èmi ni. Èmi ni mo rà á fún ara mi.” Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun tọṣẹ lójú, ó gbójú sókè, ó ní, “Owó ilé ìwé tún kù?”

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò sì tíì ṣú tán. Láàrin òru, Máfọwọ́kànmí figbe ta. Ó ń ké bí ọmọ tuntun tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ igi. Ó ń lọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀ lójú fèrèsé. Ẹ ronú ohun tí àwọn aládùúgbò rò nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹkún ọmọ nínú ilé tí wọ́n ń pín oyún sí láti ọ̀sán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dì í sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ọmọdékùnrin ni, ewúrẹ́ àti adìẹ ló sábà máa ń rí. Ó wo etí rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀. Ó ní ó dáa báyìí tí mo mú un wá, torí bí ìwà ológbò bá ṣàdédé yí padà, ìrora tàbí àìsàn lè wà nídìí ẹ̀, pàápàá bó bá ti dàgbà. Ó ní tèmi yìí, ara rẹ̀ le koko. Ó wá bi mí pé, “Mọ́mì, bí ẹ bá pa á lẹ́yìn, ṣé ó máa ń...”

Mo já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu, mo ní, “Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi!”

Dókítà yẹn kọ ẹ̀yìn sí wa, ó dojú kọ ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó yíjú padà, ó nu ojú, ó ní, “Mọ́mì, akọ ló ń wá. Ibi tí akọ máa gùn ló ń gbé sílẹ̀.”

Gbogbo ohun tí mo pè ní ìfẹ́ ló tú palẹ̀ lójú mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń ra mí, ó ní òórùn ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀ tó ń pa mọ́ mi lára, bí wọ́n ṣe ń sọ pé nǹkan yìí tèmi ni. Yíyí gbirigbiri, akọ ló ń wá. Igbe òru, akọ ló ń pè. Ó ní ó lè lò tó ọ̀sẹ̀ kan, bí kò bá sì rí akọ, á tún padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ó ní níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, tí ọ̀sán ti ń kúrú, wọ́n máa ń sinmi díẹ̀ nínú ọdún, àmọ́ oòrùn tiwa yìí kì í fún wọn nísinmi. Obìnrin ológbò tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà gan-an lè bẹ̀rẹ̀. Mo wá rántí gbogbo kọ́sítọ́mà tí mo pè wá wò ó. Mo rántí Alhaja. Alhaja pàtẹ́wọ́!

Ó ní iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń yọ ilé ẹyin àti ilé ọmọ rẹ̀, ìwà yẹn á sì tán. Ó ní kí n tì í mọ́lé títí ara rẹ̀ á fi rọlẹ̀, kí n wá mú un padà wá. Mo tì í mọ́lé. NEPA mú iná lọ, ooru mú, ẹnì kan ṣí fèrèsé. Ẹni yẹn ò ní dárúkọ ara rẹ̀ níbí. Ìdájí ni Máfọwọ́kànmí wọlé padà, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó lọ sùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ológbò sílẹ̀ báyìí, ká sọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù.

Bàbá onílé wa ní akọ ológbò kan, ràbàtà, pupa rúsúrúsú, tó máa ń sùn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò wọn. Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni bàbá, wọn kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Ó ní àwọn baba òun wà lára àwọn tó tẹ̀ lé Ọba Kòsọ́kọ́ débí, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ máa rò pé ológbò yẹn náà bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ni. Ọkọ mi ní tirẹ̀, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni, àwọn tó ti wà nílẹ̀ kí Kòsọ́kọ́ tó dé, ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe máa ń rí.

Nígbà tó tó nǹkan bí ọjọ́ 65, Máfọwọ́kànmí bí mẹ́rin sínú àpótí tí mo ń kó ègé léèsì sí. Mẹ́ta ní ìlà eérú lára. Ìkẹrin, obìnrin, dúdú, pẹ̀lú pupa rúsúrúsú tó tò kiri ara rẹ̀. Bàbá onílé wá kí wa. Wọ́n gbé èyí tó ní pupa, wọ́n na ìka sí àwọ̀ yẹn, wọ́n ní, “Ẹ ò rí i? Ẹ̀jẹ̀ wa.” Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ mi di “àna”. Èmi di “ìyá ìyàwó”.

Mo wá ṣi ẹnu sọ ohun tí dókítà sọ fún mi, pé ọmọ inú kan náà lè ní ju bàbá kan lọ nínú ológbò, àwọn mẹ́ta yẹn sì jọ akọ ológbò ìyá ẹlẹ́ja. Bàbá onílé bínú. Wọ́n ní ṣé mò ń sọ pé ọmọ àwọn ò tó gbangba sùn lọ́yẹ́? Wọ́n ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin làwọn gbà, àwọn kì í ṣe irú ẹni tó ń pín ọmọ.

A rò pé ìdána ló kàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa, apòòwé funfun. Bàbá àwọn ọmọ ń ya á, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Sí àna mi ọ̀wọ́n,” ó kí wa kú ewu ọmọ mẹ́rin, ó gbàdúrà fún ìyá àti àwọn ọmọ, ó wá ní nítorí pé ará ilé ti pọ̀ sí i, owó ilé máa gòkè láti oṣù tó ń bọ̀.

Bàbá àwọn ọmọ ti mú bírò, ó ń kọ èsì. Ó ti kọ iṣu 42, ó ti kọ obì 42, ó ti kọ orógbó, ó ti kọ àgbò kan. Ó wá ń bi mí bóyá ká fi owó ìtọ́jú ọmọ lé e láti alẹ́ ọjọ́ tí fèrèsé ṣí.